Ẹkún Àyọ̀ká

Ní Òkè-Àgbọn láyé àtijọ́, kò sẹ́ni tí kò mọ Àyọ̀ká. Orin tó bá dá lónìí, kó tó dọ̀la, àwọn tó ń fọṣọ létí odò ti ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n inú orúkọ rẹ̀ nìkan ni ayọ̀ wà. Ọmọ mẹ́ta ló bí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì sin. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ní orin ló gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdẹ́jìnmí, ọkọ rẹ̀, kò ka ọ̀rọ̀ wọn sí. Òun ló gbin agbè, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun ẹyọ sí i lára, ó sì sọ ọ́ di ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mẹ́fà tí ìyàwó rẹ̀ fi ń ṣeré jẹun.

Ikọ́ pa Ọdẹ́jìnmí. Ikú ṣèkà. Wọ́n fi Àyọ̀ká jókòó opó lórí ẹní, irun títú, ó dorí kodò. Títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé, opó kò gbọdọ̀ gbójú sókè, kò sì gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹkún àti ìdárò nìkan ló tọ́ sí i. Ká sòótọ́, kò tilẹ̀ wù ú kó gbójú sókè. Kí ló fẹ́ rí?

Lánípẹ̀kun, àbúrò olóògbé, ń fẹ́ ṣú u lópó. Ó mọ̀ pé bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ obìnrin náà, yóò bọ́ ara rẹ̀, kò sì ní gbà. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú opó, á fi aṣọ wé e kó má baà dún. Ìyàwó Lánípẹ̀kun bi í pé ṣé ẹ̀rù ò bà á ni. Ó ní, “Omi ló kún ojú yẹn. Kò mọ ẹni tó wọlé, kò mọ ẹni tó jáde.”

Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, ẹbí àti ará ìlú kún àgbàlá. Bàbá Akíngbilé, olórí ẹbí, ní kí opó dárò ìkẹyìn. Àyọ̀ká bẹ̀rẹ̀ láì gbórí sókè:

“Ọdẹ́jìnmí o, ilé rẹ ti ṣófo.
Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mẹ́fà lo fi sílẹ̀ fún mi,
Ẹsẹ̀ oníka mẹ́rin ló kó wọn lọ.”

Àwọn obìnrin gbè é bí ìṣe wọn: “Ẹsẹ̀ oníka mẹ́rin ló kó wọn lọ.” Wọ́n gbè é lẹ́ẹ̀mejì kí ohùn wọn tó rọlẹ̀. Gbogbo ojú yí sí Lánípẹ̀kun, ẹni tí ọkọ́ ti gé ọmọńdinrín ìka ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lóko. Ó fa ẹsẹ̀ sábẹ́ aṣọ.

Bàbá Akíngbilé bi í bóyá òótọ́ ni.

“Ẹ gbọ́, Bàbá, ẹkún ló ń sun. Báwo ló ṣe wá rí mi?”

Àyọ̀ká wá gbójú sókè, ojú tó ti wú, tó pọ́n.

“Ẹkún ni mo ń sun, ọkọ mi. Ojú mi ò fọ́.”

Wọ́n dá ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà, ẹnikẹ́ni kò sì ṣú u lópó. Ó kọrin jẹun títí ó fi darúgbó, àmọ́ kò dá orin ijó kankan mọ́. Àwọn tó wà ní àgbàlá lọ́jọ́ náà ló kọ́kọ́ sọ ọ́, a sì gbà á lẹ́nu wọn, pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.