Ohùn Ìbídùn Tó Sọnù

Tíṣà Adérọ̀gbà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó sì ń dá gbé ní Òkè-Ọpẹ láti ìgbà tí Ìbídùn, ìyàwó rẹ̀, ti kú. Tinúadé nìkan ni ọmọ tí wọ́n bí. Ìbàdàn ló ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kì í pẹ́ kó tó wá wo bàbá rẹ̀. Òun ló ra kọ̀ǹpútà tó wà nínú yàrá bàbá, kí ó lè máa fi í ka ìròyìn. Ẹ̀rọ náà ti gbó, ó sì ń falẹ̀, ṣùgbọ́n kì í dáṣẹ́ sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá a ti ilẹ̀kùn, a sì jókòó tì í pẹ́ títí. Tinúadé rò pé ìròyìn ló ń kà.

Ní ọjọ́ kan, bàbá sọ lórí fóònù pé bí òun bá tan kọ̀ǹpútà náà, òun á ti fọ abọ́ tán kó tó ṣí. Ọ̀rọ̀ yìí pa Tinúadé lẹ́rìn-ín. Nígbà tó ń bọ̀ wálé, ó ra mẹ́mórì tuntun dání, ìyẹn pátákó pẹlẹbẹ kékeré kan tí wọ́n ń fi sínú kọ̀ǹpútà kí ó lè yára. Ó fi í sí i, ẹ̀rọ náà sì ṣí wàrà.

"Ọwọ́ rẹ kò ní ṣá, Àwẹ̀ró," ni bàbá wí. Oríkì ló máa ń fi pè é.

Ní ọjọ́ kejì, bàbá lọ sin ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ìlú tó wà nítòsí. Kò pẹ́ tó jáde tí kọ̀ǹpútà náà kú lójijì lójú Tinúadé. Ó tàn án, ó tún kú. Bó bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, ojú rẹ̀ a di búlúù, a sì pa ara rẹ̀. Tinúadé gbọn eruku inú rẹ̀, ó pààrọ̀ wáyà iná, pàbó ló já sí. Ló bá pe bàbá rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ̀rọ yín ń kú ṣáá. Ó jọ pé inú rẹ̀ ló ti gbó jù."

"Ó ń ṣiṣẹ́ kí o tó dé, Àwẹ̀ró. Ṣé kì í ṣe ohun tí o fi sí i lánàá ni kò bá a lára mu?"

"Tuntun ni èyí, Bàbá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ já ọ̀rá rẹ̀ ni. Mo ti kó àwọn fọ́tò yín pamọ́. Ẹ jẹ́ kí n tún inú rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀."

Àwọn èèyàn ń kí bàbá níbi ìsìnkú, kò sì fẹ́ kó dà bí ẹni pé òun ń bu ẹ̀bùn ọmọ òun kù.

"Ìwọ lo mọ̀ ọ́n," ni ó wí. "Tún un ṣe."

Àtúnṣe ni bàbá gbọ́. Kò mọ̀ pé gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà ni Tinúadé fẹ́ pa rẹ́.

Tinúadé pa á rẹ́. Ó ń to nǹkan tuntun sínú rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí kọ̀ǹpútà náà tún kú, bó ṣe ń kú tẹ́lẹ̀ gan-an. Ó tú ẹ̀rọ náà, ó yọ mẹ́mórì tuntun kúrò, ó sì tàn án. Kò kú mọ́ títí bàbá fi dé.

Bàbá bọ́ agbádá, ó jókòó, ó sì ń wá nǹkan kan kiri ojú kọ̀ǹpútà. Ó wá a, ó tún un wá.

"Kí lẹ ń wá, Bàbá?"

"Ohùn ìyá rẹ."

Tinúadé kò mọ̀ pé nígbà tí ìyá òun wà lórí àìsàn, bàbá máa ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀: bó ṣe ń ki ọmọ rẹ̀, bó ṣe ń ráhùn pé ọbẹ̀ kò níyọ̀, ẹ̀rín rẹ̀ pẹ̀lú. Fóònù tó fi gbà á ti bàjẹ́; inú kọ̀ǹpútà nìkan ló kù sí. Òun ló ń tilẹ̀kùn gbọ́ ní ìrọ̀lẹ́.

"Ẹ ò sọ fún mi, Bàbá."

"Ojú ń tì mí. Àgbà bíi tèmi, kó jókòó máa fetí sí ohùn òkú."

Tinúadé kúnlẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ náà lọ bá àwọn tó mọ iṣẹ́ náà jù ú lọ ní Ìbàdàn, wọ́n ní ohun tuntun ti gorí ti àtijọ́, kò ṣeé gbà padà mọ́. Bàbá kò bá a wí. Nígbà tí Tinúadé padà wá jíṣẹ́, ohun kan ṣoṣo ló bi bàbá: báwo ni ìyá òun ṣe ki òun? Bàbá gbìyànjú. Ó mú un ní "Àwẹ̀ró, ọmọ a-jí-wẹ̀ bí ẹyẹlé," ó fà á dé àárín, ó sì dúró. Ìyókù kò wá sí i lẹ́nu.

Nígbà tí àwọn aládùúgbò wá bá wọn kẹ́dùn, ọ̀rọ̀ kan ni bàbá ń sọ fún wọn. Wọ́n gbà á lẹ́nu rẹ̀, òun náà ni wọ́n sì ń pa lówe ní Òkè-Ọpẹ dòní olónìí, pé: bí ilé tó tòrò bá dàrú lẹ́yìn tí àlejò wọ̀ ọ́, àlejò ni ká kọ́kọ́ bi, ká tó lé onílé jáde.