Ajá Méjì Lẹ́nu Ọ̀nà Ọ̀kẹ́rẹ́

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ mi ń bọ̀ o.
Kó máa bọ̀, a ti jókòó dè é.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní kọ̀ǹpútà kan, inú rẹ̀ ni àwọn fọ́tò ìyá rẹ̀ tó ti kú wà. Ó fi ajá ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Asín gba ojú fèrèsé wọlé, ó wọ inú kọ̀ǹpútà, ó jẹ fọ́tò kan.

Ọ̀kẹ́rẹ́ fi ajá kejì ti àkọ́kọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹnìkejì ni olè, ni wọ́n bá wọ̀yá ìjà. Asín gba àárín wọn kọjá, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ajá ń bájá jà,
Èmi ń jẹun.
Ẹ má là wọ́n,
Èmi ń jẹun.

Ọ̀kẹ́rẹ́ sunkún lọ bá Ìgbín, aládùúgbò rẹ̀. Ìgbín ní, “Ọmọ mi, iṣẹ́ kan náà lo gbé fún àwọn ajá méjèèjì. Fi ajá kan sẹ́nu ọ̀nà, kí o fi ológbò síwájú kọ̀ǹpútà. Kí o sì ṣe ẹ̀dà fọ́tò tó kù, kí n bá ọ tọ́jú rẹ̀ sínú ìkarahun mi.”

Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Asín dé lẹ́ẹ̀kẹta, Ológbò gé e nírù.

Lọ́jọ́ kejì Asín kanlẹ̀kùn, ó fi aṣọ di ìdí. “Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ọdẹ ni mò ń wá. Mo mọ gbogbo ibi tí olè ń gbà.”

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, “Mo gbà bẹ́ẹ̀. Lọ máa ṣọ́ ilé tìrẹ.”

Ibi tí mo bá wọn dé nìyẹn, mo padà sílé.