Iná Kékeré Inú Orí Àwẹ̀ró

Ààlọ̀ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ̀ mi rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, kò yà lọ́nà, ó dá lórí Àwẹ̀ró amọ̀kòkò, Mọ́rẹ̀nikẹ́ ọmọ rẹ̀, àti Èèrà.

Ẹ sún mọ́ra yín. Ìtàn yìí ń ba èmi tí mò ń sọ ọ́ gan-an lẹ́rù.

Ní ìlú Òkè-Amọ̀, kò sí ilé tí kò ní ìkòkò tí Àwẹ̀ró mọ. Bó bá ń jẹun, a máa já òkèlè kan sílẹ̀ fún Èèrà tó ń gbé inú ògiri. A ní, "Ìwọ náà lẹ́nu."

Nígbà tó yá, Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Ó fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, ó tún fi iyọ̀ sí i, ó tún fi iyọ̀ sí i. Ó lọ wa amọ̀ létí odò, kò mọ̀nà ilé mọ́. Inú igbó ni wọ́n ti bá a, tó ń bá igi sọ̀rọ̀.

Ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í kùn yùnmùyùnmù. Wọ́n ní, "Àjẹ́ ni. Ẹ ò rí i bó ṣe ń dá sọ̀rọ̀?" Baálẹ̀ ní bí ọjọ́ ọjà bá pé, kí wọ́n mú un lọ sínú igbó, kí wọ́n fi í síbẹ̀.

Mọ́rẹ̀nikẹ́ gbọ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún. Èèrà yọ lára ògiri, ó ní, "Mọ́rẹ̀nikẹ́, mo kéré, etí ìyá rẹ gbà mí. Jẹ́ kí n wọlé lọ wo ohun tó ń ṣe wọ́n."

Èèrà gba etí wọlé, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó rí yàrá kéékèèké tó pọ̀ bí iyanrìn. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, àwọn adáná jókòó ti ààrò, wọ́n ń dá iná kékeré. Iná yẹn ni yàrá fi ń ṣiṣẹ́. Yàrá kan ń tọ́jú ọ̀nà odò, òmíràn ń tọ́jú orúkọ ènìyàn. Èèrà kọrin, ẹ bá mi gbè é:

Adáná inú orí, ṣé ẹ wà ńlé?
*Kíní-kíní, iná kékeré.*
Àwẹ̀ró ṣìnà, kò mọlé mọ́.
*Kíní-kíní, iná kékeré.*
Ẹ má jẹ́ ó kú o, ẹ má jẹ́ ó kú.
*Kíní-kíní, iná kékeré.*

Gbogbo adáná gbè é. Ṣùgbọ́n Èèrà rí òwú nílẹ̀, tó lọ́, tó lẹ̀ mọ́ra bí oje igi. Ó bèèrè ẹni tó gbé e wá. Adáná kan ní, "Kò sẹ́ni tó gbé e wá. Ilé yìí fúnra rẹ̀ ló ń ran án. Tẹ́lẹ̀, èyí tó bá wọ́, a máa ń gbá a dànù. Ní báyìí ó ti pọ̀ ju ìgbálẹ̀ wa lọ."

Ilẹ̀ mọ́, Èèrà padà wọlé. Òwú ti wọ inú ààrò. Ó lọ́ mọ́ igi iná, iná kò jó geere mọ́. Èéfín ń rú túú. Iná ń ta pàrà, pàrà, sára ògiri, ògiri ń jó. Ààrò tó ti bàjẹ́ kò rí ẹni kó o kúrò, àwọn adáná ń wúkọ́. Èèrà tún kọrin. Ẹ gbè é, ṣùgbọ́n ẹ rọra, nítorí díẹ̀ ló ṣẹ́ kù tó lè gbè é:

Adáná inú orí, ṣé ẹ wà ńlé?
*Kíní-kíní, iná kékeré.*

Nígbà tí Èèrà wọlé lẹ́ẹ̀kẹta, òkùnkùn ló pàdé. Ó kọrin. Ẹ má gbè é o. Ẹ dákẹ́.

Adáná inú orí, ṣé ẹ wà ńlé?

Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe rí? Bẹ́ẹ̀ ló rí létí Èèrà. Ó ń táràrà lọ títí ó fi dé yàrá tí orúkọ Mọ́rẹ̀nikẹ́ wà. Adáná kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹ̀yinná kan. Ó ní, "Sọ fún ọmọ náà pé a ò mọ̀ọ́mọ̀ ju orúkọ rẹ̀ nù. Iná ló tán." Ẹ̀yinná kú fìì. Ògiri wó gbì. Èèrà sá, òwú di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó fà á títí ẹsẹ̀ náà fi já.

Lóde, Àwẹ̀ró yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ni yín?"

Ọmọ bíbí inú rẹ̀ ló ń pè ní ẹ̀yin, bí ẹni ń kí àlejò.

Ọjọ́ ọjà pé. Baálẹ̀ dé pẹ̀lú àwọn géńdé àti okùn. Mọ́rẹ̀nikẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, àìsàn ló ń ṣe ìyá mi." Èèrà tiro jáde, òwú lẹ̀ mọ́ ọn lára síbẹ̀, ó ròyìn gbogbo ohun tó rí.

Baálẹ̀ ní, "Ṣé o lè gbá òwú náà kúrò?"

"Rárá, bàbá. Èyí tí mo fà jáde yìí, ẹsẹ̀ mi kan ló bá a lọ."

"Ta ló wá fi òwú náà sí i lórí?"

"Kò sẹ́nì kankan. Orí wọn ló ran án."

Baálẹ̀ fọwọ́ kan orí ara rẹ̀. Ó ní, "Orí tèmi ńkọ́?"

Èèrà gbójú sókè wo orí rẹ̀. Ni àwọn géńdé bá ń gbé ọwọ́ lérí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ẹni tó mú okùn ju okùn sílẹ̀. Wọ́n yọ́ lọ sílé.

Baálẹ̀ ló kù. Ó ní, "Mọ́rẹ̀nikẹ́, kí lo fẹ́ ká ṣe?"

"Ẹ bá mi wá ẹni tí yóò máa jókòó tì wọ́n, kí n lè rí oorun sùn."

Láti ọjọ́ náà, àwọn obìnrin Òkè-Amọ̀ ń pín ọjọ́ láàárín ara wọn, wọ́n ń jókòó tì í. Iná inú orí Àwẹ̀ró kò yéé kú. Kò tún pe orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́ títí ó fi dágbére fáyé. Ṣùgbọ́n bí Mọ́rẹ̀nikẹ́ bá ń wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, ìyá a máa gbé orí lé ọmọ náà léjìká, ẹ̀rù rẹ̀ a sì rọlẹ̀.

Ibi tí ààlọ̀ mi sùn sí nìyí. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé, bí àgbà bá gbàgbé orúkọ yín, ẹ má pè é lájẹ̀ẹ́, ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Ẹ jókòó tì í.