Ọ̀nà Tí Ewúrẹ́ Fi Han Mosúnmọ́lá

Ní Ìlódò, abúlé kan ní ẹsẹ̀ Òkè Ẹrinlá, obìnrin amọ̀kòkò kan wà tó ń jẹ́ Mosúnmọ́lá. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ìbéèrè: bí ẹ bá ní oòrùn là, yóò bi yín ìdí tó fi là. Orí òkè ni ọjà wà, ojú àpáta sì ni gbogbo ará abúlé ń gbà débẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni baba ńlá wọn tó tẹ ìlú dó gbà gòkè. Àpáta ọ̀hún dúró ṣánṣán bí ògiri. Èèyàn á fi ọwọ́ kan di gbòǹgbò mú, á fi èkejì di ẹrù orí mú, á sì máa pòṣé títí dókè.

Ìkòkò Mosúnmọ́lá kì í dọ́jà tán. Èyí á fọ́, èyí á sán, àwọn ará òkè sì ń sọ pé amọ̀ rẹ̀ ni kò dáa. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra.

Ògúnṣakin, olórí ọjà, tó ń gbé lórí òkè, wá sọ ọ́ lójú rẹ̀ pé: “Bí o bá tún kó àpáàdì wá lọ́jà tó ń bọ̀, n ó fi ìsọ̀ rẹ fún ẹlòmíràn.” Ìsọ̀ ìyá rẹ̀ ni. Ẹkún ló sun délé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, níbi tó ti ń wa amọ̀, ó rí ewúrẹ́ Ògúnṣakin tó ń lá ilẹ̀ oníyọ̀. Oyún inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀.

“Ìyá abiwẹ́rẹ́,” ni Mosúnmọ́lá wí, “ta ló gbé ọ sọ̀kalẹ̀?”

Nígbà tí ewúrẹ́ kọrí sílé, Mosúnmọ́lá tẹ̀lé e. Ewúrẹ́ kò tilẹ̀ wo ojú àpáta. Ẹ̀yìn òkè ló yí sí, ó gba abẹ́ igi, ó ń rìn, ó ń jẹko. Ọ̀nà náà jìn, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń ga, ẹ̀yìn ọjà gan-an ló sì já sí.

Lọ́jọ́ ọjà, Mosúnmọ́lá pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n kò sí ìkòkò tó sán nínú ẹrù rẹ̀. Ògúnṣakin dìde fùú.

“Ojú àpáta ni baba wa gbà! Ta ló ní kí o gba ẹ̀yìn?”

Mosúnmọ́lá kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, Baba. Kí ló dé tí baba wa fi gba ojú àpáta?”

“Ogun ló ń lé wọn! Wọ́n wá ibi tí ọ̀tá ò ní lè tẹ̀lé wọn.”

“Ṣé wọ́n ru ìkòkò?”

“Ìkòkò kẹ̀? Ẹni tógun ń lé!”

“Ta ló wá ń lé àwa, Baba?”

Ògúnṣakin wo orúnkún ara rẹ̀ tí àpáta ti bó láìmọye ìgbà. Ni ẹ̀rín bá bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

“Gbé ẹrù rẹ sí ìsọ̀ rẹ,” ló wí. “Bí ọjà bá tú, dúró dè mí, mo fẹ́ bá ọ sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀yìn lèmi náà ń gbà.”

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ò ti kúrò lẹ́nu àwọn àgbà: ọ̀nà kan kò wọ ọjà.