Àwọn Tó Faṣọ Bojú Létí Odò Àwẹ̀rẹ̀

Ní ayé àtijọ́, opó kan wà ní Ìmẹ̀gún tó ń jẹ́ Efúnyẹlá. Ọmọ méjì ló bí kí ikú tó mú ọkọ rẹ̀ lọ. Àjàgbé ni àkọ́bí, ọkùnrin tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ló tẹ̀lé e, òun sì ti wà nílé ọkọ ní òdìkejì odò Àwẹ̀rẹ̀.

Odò yìí ló la ilẹ̀ Ìmẹ̀gún sí méjì. Ààfin àti ọjà wà ní ìhín, oko tó lọ́ràá àti àwọn abúlé tó ń bọ́ ìlú wà ní ọ̀hún. Afárá okùn kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀. Ìtàkùn ni àwọn baba ńlá wọn fi hun ún. Ará ìhín ń tún apá ìhín ṣe, ará ọ̀hún ń tún apá ọ̀hún ṣe. Orí afárá yìí ni Efúnyẹlá máa ń gbà lọ wo ọmọ rẹ̀. Á gbé ẹ̀kọ lọ, á gbé ẹ̀fọ́ bọ̀, á sì máa bá gbogbo ẹni tó bá pàdé lójú ọ̀nà ṣàwàdà.

Lọ́dún kan, lọ́jọ́ ọdún iṣu tuntun gan-an, afárá yìí já. Èrò ló kún orí rẹ̀ bámúbámú: ọ̀dọ́ tó ru iṣu, ìyàwó tuntun, ọmọdé tó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Àwọn tó dúró létí odò ní àwọn kàn gbọ́ ìró kan ni, nígbà tí àwọn sì máa wòkè, kò sí afárá, kò sí èèyàn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí agbo ilé kan ní gbogbo ilẹ̀ náà tí omi kò ti mú ẹnì kan. Àjàgbé wà nínú wọn. Wọ́n rí òkú àwọn mìíràn, wọn kò rí tirẹ̀. Ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ: ọ̀rọ̀ àgbà ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ ọ́ létí Efúnyẹlá.

Ẹ ó rò pé irú òfò bẹ́ẹ̀ yóò so àwọn èèyàn pọ̀. Rárá o. Omijé kò tíì gbẹ lójú wọn tí ará ìhín ti ń sọ pé apá ọ̀hún ló já. Ará ọ̀hún ní irọ́ ni, apá ìhín ni ìtàkùn rẹ̀ ti jẹrà. Nítorí ìjà ta-ló-jẹ̀bi yìí, ẹnikẹ́ni kò hun afárá mìíràn. Ta ni yóò fọwọ́ kan ìtàkùn, kí wọ́n má ní ẹ̀rí ọkàn ló ń dà á láàmú? Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kan, ti baba arúgbó kan tó ń jẹ́ Láṣebìkan, ló kù tí wọ́n fi ń dá odò kọjá. Àbẹ̀kẹ́ bímọ sí ọ̀hún, ìyá rẹ̀ kò sì fojú kan ọmọ ọmọ rẹ̀. Gbogbo ara Efúnyẹlá ló ń fẹ́ rí ọmọ náà, ṣùgbọ́n ó ti búra pé ẹsẹ̀ òun kò ní wọ omi tó gbé Àjàgbé mì.

Nígbà tí ọdún yípo, Onímẹ̀gún, ọba ìlú, kéde pé kí gbogbo ará ìhín jáde sétí odò láti ṣọ̀fọ̀ àwọn tó lọ. Ní Ìmẹ̀gún, ẹni tó bá ń ṣọ̀fọ̀ ẹni tí omi gbé kì í wo omi. Kíjìpá aláró ni yóò fi bo orí àti ojú, kò sì gbọdọ̀ ṣí i àfi bí olórí ọ̀fọ̀ bá kọ́kọ́ ṣí tirẹ̀. Ọba fúnra rẹ̀ ni olórí ọ̀fọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá ṣíjú ṣáájú ọba, wọn yóò lé e kúrò nílùú, nítorí wọ́n gbà pé òun ló ń pe omi padà wá jẹun.

Wọ́n jókòó sórí koríko, ọba níwájú, Ọ̀tún, igbákejì rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òjò ti rọ̀ lókè odò, omi ti kún, ó sì pọ́n. Efúnyẹlá wo ọ̀hún, kò rí ẹnì kan létí omi.

"Wọn ò tiẹ̀ jáde," ni aládùúgbò rẹ̀, Ìyá Ṣékoní, wí. "Ẹ ò rí i pé aláìláàánú ni wọ́n?"

"Ẹ bojú!" ni Ọ̀tún pàṣẹ, gbogbo ìlú sì fi kíjìpá bo ojú.

Ẹkún sọ. Ẹni tó bá ti gbọ́ ibi tí odindi ìlú ti ń sunkún rí yóò mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí etí ń tètè gbàgbé. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, igbe mìíràn ta láti ojú odò, igbe ọkùnrin àti obìnrin pa pọ̀.

"Áà, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sun ún," Ìyá Ṣékoní sọ lábẹ́ aṣọ. "Ará ọ̀hún ti jáde. Ó mà dùn wọ́n lóòótọ́."

Ọ̀tún náà gbọ́ ọ, kò sì fẹ́ kí ará oko borí ìlú ọba. "Ẹ gbé e sókè!" ó pariwo. "Ṣé àwọn ni yóò sunkún jù wá lọ ni?"

Ìlú gbé e sókè. Bí igbe ojú odò ti ń le sí i ni ẹkún etí odò ń le sí i, títí tí ọ̀kan fi bo èkejì mọ́lẹ̀ pátápátá.

Efúnyẹlá ń sun tirẹ̀, Àjàgbé ló ń pè. Omijé àti ikun ti mú kí kíjìpá lẹ̀ mọ́ ọn nímú, kò lè mí dáadáa mọ́. Kò ní in lọ́kàn láti rú òfin ẹnikẹ́ni, ó kàn fẹ́ fọn ikun ni. Ó ká etí aṣọ sókè díẹ̀, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí odò.

Èèyàn ló rí nínú omi.

Ọwọ́ ń nà sókè, orí ń yọ, orí ń rì. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé àwọn ti èṣí ni, pé èèwọ̀ tí òun rú ló mú wọn padà wá. Ó yára fi aṣọ bojú. "Ẹ má bínú," ó bẹ àwọn òkú, "n ò mọ̀ọ́mọ̀." Inú òkùnkùn aṣọ náà ló wà tí nǹkan kan fi sọ sí i lọ́kàn: àwọn ti èṣí kò wọ ọkọ̀. Ohun tó dojú dé láàárín àwọn tí òun rí yẹn, ọkọ̀ ni.

Ó tún ṣíjú. Ọkọ̀ Láṣebìkan ni, ó há sára òpó afárá tó já, kò jìnnà sétí omi rárá. Àwọn àgbààgbà mélòó kan láti ọ̀hún rọ̀ mọ́ ọn. Obìnrin kan fi ọwọ́ kan di òpó mú, ó fi èkejì gbé ọmọ ìkókó sókè orí, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ gbàgà, ṣùgbọ́n ẹkún ìlú kò jẹ́ kí ohùn rẹ̀ dé ibì kan. Àbẹ̀kẹ́ ni.

"Ẹ ṣíjú!" Efúnyẹlá figbe ta. "Èèyàn ń kú sómi! Ẹ ṣíjú!"

Ta ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò yé? Nítorí èèyàn tó kú sómi náà ni gbogbo wọn ṣe wà níbẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Àjàgbé," Ìyá Ṣékoní dá a lóhùn tàánútàánú, "wọ́n lọ, wọ́n lọ o!" Ó sì tún bú sẹ́kún. Efúnyẹlá fa aṣọ lójú rẹ̀, obìnrin náà sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ojú pé kí èèwọ̀ má mú òun. Ó fa ti ẹlòmíràn, onítọ̀hún dojú bolẹ̀. Nígbà náà ló mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè la ojú ìlú.

Ó sáré gba àárín èrò, ó ń tẹ èèyàn mọ́lẹ̀, ó sì na ọwọ́, ó fa aṣọ kúrò lórí ọba.

Ẹ gbọ́ mi. Ọba Ìmẹ̀gún, tí ọmọ inú rẹ̀ kì í rí ojú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó wọlé tọ̀ ọ́ lórí ìkúnlẹ̀, ni opó lásánlàsàn ṣí lórí ní gbangba. Ojú ọba pọ́n, ikun ń ṣàn nímú rẹ̀ bíi ti gbogbo èèyàn.

"Kábíyèsí, ẹ wo odò!" ni Efúnyẹlá wí. "Ẹ lé mi lọ, ẹ pa mí, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo odò ná!"

Ọba wo odò. "Yéè!" ló jáde lẹ́nu rẹ̀. "Mo ti ṣíjú! Gbogbo ìlú, ẹ ṣíjú!"

Aṣọ bọ́ lójú wọn, ẹkún sì dá wáí. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni wọ́n tó gbọ́ ohun tí igbe ojú odò ń wí. "Ẹ gbà wá o! Ẹ gbà wá o!" Ohùn àwọn tó ń ké e ti há. Ẹnu ya gbogbo wọn, wọn kò lè wo ojú ara wọn.

Ọba ló kọ́kọ́ so kíjìpá rẹ̀ mọ́ ti Ọ̀tún. Kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ya bọ̀rọ̀. Ìlú so aṣọ mọ́ aṣọ, ó di okùn gígùn, Ọ̀tún àti àwọn géńdé sì dì í mú. Efúnyẹlá ti so ẹnu okùn náà kan mọ́ ìbàdí kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ẹni tí yóò lọ. Ó wọ omi tó búra pé òun kò ní wọ̀. Omi dé e láyà, ó dé e lọ́rùn. Inú omi yẹn ló ti kọ́kọ́ gba ọmọ ọmọ rẹ̀ sọ́wọ́.

Wọ́n fà á bọ̀ wá sí èbúté. Àwọn géńdé wọ omi tẹ̀ lé e, wọ́n gbé Àbẹ̀kẹ́, wọ́n gbé àwọn àgbààgbà. Láṣebìkan nìkan ni wọn kò rí.

"Òun ló tì mí sára òpó," Àbẹ̀kẹ́ wí, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. "Ó ní ọkàn òun balẹ̀, ó ní òun ń rí yín. Ó ń pè yín. Ó ń sọ pé, 'Wọ́n jókòó síbẹ̀ kẹ̀, wọ́n á dìde.' Ó pè yín títí ohùn rẹ̀ fi lọ."

Ọ̀kan nínú àwọn àgbààgbà náà gbé orí sókè. "A ní ká wá bá yín ṣọ̀fọ̀ ni," ó wí. "Ìtàkùn tútù ló kún inú ọkọ̀, a fẹ́ kí á jọ bẹ̀rẹ̀ afárá. A ò wá jà."

Ọ̀tún kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó gbá orí mú. Òun ló ní kí wọ́n gbé ẹkún sókè, kò sì gbàgbé rẹ̀ títí ó fi kú. Ẹnì kan láàárín àwọn ìjòyè béèrè wúyẹ́wúyẹ́ pé òfin ìlú ńkọ́. Efúnyẹlá ni ọba kọjú sí.

"Ìyá Àjàgbé, ìwọ náà ń sunkún bíi tiwa. Báwo lo ṣe rí wọn?"

"Kábíyèsí, ẹkún ni mò ń sun," ó wí, ó sì gbá ọmọ náà mọ́ra. "Ojú mi ò fọ́."

Ọba yíjú sí omi. "Èmi ni mo fi aṣọ bo ojú ìlú," ó wí. "Ọkùnrin kan wà nínú omi, ó ń wò mí, èmi sì ń sunkún ẹni tó ti lọ."

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò faṣọ bojú mọ́ ní Ìmẹ̀gún. Bí ọjọ́ ọ̀fọ̀ bá pé, ará ìhín àti ará ọ̀hún yóò gbé ìtàkùn jáde. Ará ìhín yóò hun apá ọ̀hún, ará ọ̀hún yóò hun apá ìhín, kó má baà sí ẹni tó lè tọ́ka sí ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tí kò bá lè hun yóò lọ tún òrùlé ṣe fún àwọn tí omi mú ọmọ wọn lọ. Ilé Láṣebìkan ni wọ́n sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í sanwó fún ẹnikẹ́ni, wọn kì í sì í fipá mú ẹnikẹ́ni. Ẹkún kò tán níbẹ̀ o. Bí wọ́n bá ti ń fa okùn ni wọ́n ń pe orúkọ àwọn tó lọ, tí omijé ń kán sórí ọwọ́ wọn.

Ní ọdún àkọ́kọ́ iṣẹ́ náà, Efúnyẹlá ń lọ́ ìtàkùn, ó ń pe Àjàgbé, ó ń sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí èjìká rẹ̀ ń mì. Àánú rẹ̀ ṣe obìnrin kan, ará ọ̀hún, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. "Ìyá, ẹ fi í lẹ̀ ná," ó wí. "Ẹ sunkún tán kí ẹ tó padà sídìí rẹ̀."

"Jẹ́ kí n máa sun ún bẹ́ẹ̀," Efúnyẹlá dá a lóhùn, kò sì dáwọ́ dúró. "Mò ń rí okùn."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sẹ́nu àwọn àgbà, tí wọ́n fi ń pa á lówe dòní pé: bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.