Bí Ọsàn Wẹ́wẹ́ Ṣe Sin Bàbá Ẹfun Kúrò Nínú Kẹ́tù

Nígbà láéláé, ìwà kan náà ni gbogbo omi ayé ń hù. Ìbáà jẹ́ omi òjò, ìbáà jẹ́ èyí tó ti abẹ́ ilẹ̀ gba ẹnu ẹ̀rọ jáde, bí ọṣẹ bá ti kàn án, yóò hó yàà. Ẹ má bi mí pé ẹ̀rọ wo ló wà nígbà láéláé o. Èmi tí mò ń pa ìtàn ni mo mọ ohun tí mo rí.

Nílé ìdáná Ìyá Ibíyẹmí, Kẹ́tù onímú gígùn ni gbogbo ohun èlò ń wárí fún. Òun ló ń se omi fún ìyá náà láràárọ̀. Inú rẹ̀ dán débi pé Síbí a máa fi ibẹ̀ wojú. Kí ìyá tó bọ́jú tán, omi á ti hó, Kẹ́tù á sì máa kọrin.

Nǹkan mìíràn tún wà tí Kẹ́tù fi ń yangàn. Kò sí àlejò tó yà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí kì í gbà tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé a kì í lé àlejò.

Bẹ́ẹ̀, lábẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, Bàbá Ẹfun ń gbé nínú òkùnkùn. Ó funfun báláú, ṣùgbọ́n ta ni yóò rí i níbẹ̀? Ojoojúmọ́ ni Omi ń gba ojúde rẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ kan, ó dá Omi dúró.

"Omi, ọmọ mi, gbé mi dání lọ sókè. Mo fẹ́ rí ibi tí iná ti ń jó."

"Bàbá, ẹ wúwo."

"Màá rún ara mi kúnná. O ò ní mọ̀ pé o gbé mi."

Ojú ti Omi láti kọ̀ fún àgbà. Ó gbé e, wọ́n sì jọ gba ẹnu ẹ̀rọ jáde. Omi mọ́ gaara bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni kò rí nǹkan kan. Ọṣẹ nìkan ló fura. Wọ́n fi í fọ aṣọ, kò hó.

"Ẹlòmíràn wà nínú omi yìí," ni Ọṣẹ wí. Wọ́n ní ọ̀lẹ ló ń dà á láàmú.

Nígbà tí Omi dé inú Kẹ́tù, iná mú un. Ó di ooru, ó fò lọ, kò tilẹ̀ dágbére. Bàbá Ẹfun nìkan ló kù nísàlẹ̀, tó ń wò yíká.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá," ni Kẹ́tù wí. "Ẹ jókòó. Ilé yín nìyí."

Kẹ́tù, ta ló rán ọ níṣẹ́? Bàbá Ẹfun jókòó lóòótọ́. Lọ́jọ́ kejì, àbúrò rẹ̀ bá Omi dé. Àwọn ọmọ tẹ̀ lé e, àwọn àna náà ò gbẹ́yìn. Kẹ́tù kí gbogbo wọn káàbọ̀, ó sì fún wọn níjòókòó. Wọ́n jókòó lé ara wọn lórí títí inú Kẹ́tù fi dà bí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́.

Iná bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. "Mò ń jó, mò ń jó, ooru mi ò dé ọ̀dọ̀ omi. Àwọn àlejò rẹ ló ń dínà."

Kẹ́tù ò lè kọrin mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá Ibíyẹmí dúró tì í títí ó fi sú u. Ó ní, "Bí omi ò bá tètè hó lọ́la, ààtàn ni màá gbé kẹ́tù yìí jù sí."

Ẹ̀rù ba Kẹ́tù gidigidi. Ibẹ̀ ni wọ́n ju ìkòkò kan tó jò sí, wọn ò sì dárúkọ rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Síbí ní kí òun wọlé lọ ha wọ́n jáde, ṣùgbọ́n Kẹ́tù kọ̀.

"Ẹnì kan ò ní ha àgbàlagbà jáde nílé mi," ó ní, omijé sì ń kán nímú rẹ̀.

Ẹnì kan wúkọ́ ní kọ̀rọ̀. Ọsàn Wẹ́wẹ́ ni. Ó kan púpọ̀, ẹni tó bá tọ́ ọ wò á fajú ro, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń bá a ṣe.

"Bọ̀dá Kẹ́tù, ẹ ti gbàgbé ìdajì àṣà," ó ní. "A kì í lé àlejò, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a máa ń sin àlejò sọ́nà. Ṣé ẹ ti sin ẹnì kan rí?"

Kẹ́tù ronú títí. Kò sin ẹnì kankan rí. Ẹ káàbọ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n sọ.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín sìn wọ́n."

Ó ní kí Ọ̀bẹ la òun sí méjì. Ọ̀bẹ ń lọ́ra, Ọsàn ní, "Là mí, jàre." Oje rẹ̀ dà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó wà nínú Kẹ́tù.

"Bàbá Ẹfun, ẹ kú ìjókòó o," ni Ọsàn wí. "Mo wá sìn yín sọ́nà. Wọ́n ń retí yín nílé."

Láti ìgbà tí Bàbá Ẹfun ti dé, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án rí. Bí Ọsàn ti dì í lọ́wọ́ mú, ẹ̀rín pa á. Ó rẹ́rìn-ín ṣùùù, ó ń hó kùṣùkùṣù, ó sì dìde. Àbúrò rẹ̀ dìde. Àwọn ọmọ ń fò sọ̀kalẹ̀ lára ògiri. Gbogbo wọn gba imú Kẹ́tù jáde tẹ̀ríntẹ̀rín.

Bàbá Ẹfun yíjú padà. "Ẹni tó gbà wá dáadáa, tó tún sìn wá dáadáa, a ó tún padà wá kí i."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá Ibíyẹmí gbé Kẹ́tù kaná. Kò tíì ró aṣọ rẹ̀ tán tí omi fi hó. Kẹ́tù forin bọnu, Síbí ń jó, Ìkòkò ń lu ọmọrí rẹ̀. Inú Kẹ́tù dùn débi pé ìdérí rẹ̀ ń fò sókè sódò. Ìyá náà rí èèpo ọsàn nílẹ̀, òye yé e. Ó mú ọsàn mìíràn, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ Kẹ́tù gan-an, níbi iyì.

Láti ọjọ́ náà ni Ẹfun ti máa ń bá omi ẹ̀rọ wọlé wá jókòó sínú kẹ́tù, tí ọṣẹ kì í sì í fẹ́ hó nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn náà ni ọsàn wẹ́wẹ́, bó ti kan tó, ti ní àyè tirẹ̀ nílé ìdáná.

Bí ẹ bá sì gbọ́ tí kẹ́tù ń kọrin lórí iná, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Tẹ́lẹ̀, "Ẹ káàbọ̀" nìkan ló wà nínú orin rẹ̀. Ní báyìí, ó ti mọ "Ó dàbọ̀."