Alákàn Tó Ń Sẹ́ Omi Aró

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ o.

Àlọ̀.

Àlọ́ mi rọra wọ odò, ó bá Alákàn níbi tó ti ń sunkún.

Agbe aláró ló ń da omi aró sódò, àwọn ọmọ Alákàn sì ń kú. Alákàn fi kùkù àgbàdo sẹ́ omi náà, kò mọ́. Ó fi èèpo ẹ̀pà sẹ́ ẹ, kò mọ́. Ó wá sun èèpo èkùrọ́ di èédú, ó tẹ́ ẹ sínú ajere, omi sì mọ́ gaara.

Agbe gbọ́. “Ìyá Alákàn, ẹ ṣeun. Ojú yín ni mo ti ń wò tí n kò fi gbé ju ìkòkò aró kan kalẹ̀. Nígbà tí ẹ ti mọ omi í sẹ́, ó kù sí mi lọ́wọ́.”

Ó gbé ìkòkò kún àgbàlá. Èédú mu aró títí kò lè mu mọ́, omi tún dúdú. Alákàn figbe orin bọnu, ẹ gbè é:

Agbe aláró, dákun dáwọ́ dúró,
*Èédú ti yó.*
Ọmọ kan ló kù fún mi,
*Èédú ti yó.*

Agbe ní, “Ẹ sun òmíràn, Ìyá.”

Alákàn sun ún títí èkùrọ́ fi tán lábẹ́ ọ̀pẹ. Ọmọ yẹn náà kú.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi sùn sí. Bí ẹ bá rí Alákàn tó ń bu iyanrìn sẹ́nu létí odò, tó ń tu ú dànù, kì í ṣe pé ó ń jẹun. Omi ọmọ rẹ̀ ló ṣì ń sẹ́.